Ìwádìí Kíkún Lórí Ọjọ́ Orí Ẹnu: Àgbàlagbà Yorùbá Nínú Kíláàsì Èdè Jámánì

Ìwé pọ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè. Àwọn onímọ̀ ti jókòó ti ọmọ jòjòló, wọ́n ti kọ gbogbo igbe rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti sọ oṣù tó yẹ kó pe ìyá rẹ̀ àti oṣù tó yẹ kó pe bàbá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni tí wọ́n ti fi jẹ alága àríyá rí ní Ṣàgámù, tó wá jókòó ní Hamburg lálẹ́, tó ń na ìka sí àwòrán èso, tó ń wí pé "Das ist ein Apfel", àwọn onímọ̀ kò kọbi ara sí i. Àlàfo yìí ni iṣẹ́ ìwádìí wa fẹ́ dí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ ká sọ ohun tí à ń wádìí gan-an. Àbá wa ni pé gbogbo àgbàlagbà tó bá ṣí lọ sí Jámánì ló ní ọjọ́ orí méjì. Ọ̀kan ni ọjọ́ orí ìbí, èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà, tí àwọn aṣọ́bodè máa ń wò kí wọ́n tó wo ojú ẹni. Èkejì la pè ní ọjọ́ orí ẹnu. Òun ni iye ọdún tí ọmọ Jámánì kan gbọ́dọ̀ pé kó tó lè sọ ohun tí àgbàlagbà náà lè sọ. Ti ìbí ń gòkè lọ́dọọdún láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti ẹnu kì í kúrò lójú kan àfi tí a bá sanwó kíláàsì, nígbà mìíràn a ó sanwó tán, kò sì ní í kúrò lójú kan.

Òṣùwọ̀n wà fún un. Ní ọdún 2001 ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù gbé àkàbà onípele mẹ́fà jáde, láti A1 dé C2, òun sì ni gbogbo kíláàsì èdè ní Jámánì ń tẹ̀ lé. Àwọn tó ṣe àkàbà náà kò so ó mọ́ ọjọ́ orí. Àwa la so ó, ìjọba kankan kò sì fọwọ́ sí i. Ẹni A1 jẹ́ ọmọ ọdún méjì: ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ àdúgbò tó ń gbé, ó lè tọrọ omi. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ọmọ ọdún méjì yòókù ni pé òun ń san owó orí. Ẹni A2 ti pé mẹ́rin: a lè rán an lọ ra búrẹ́dì, yóò sì mú búrẹ́dì bọ̀, bí olùtajà kò bá ti bi í léèrè nǹkan kan. Ní B1 ó ti tó ọmọ ọdún méje, ó ti lè ṣàròyé. B1 yìí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ àlejò tó fẹ́ di ọmọ ìlú, tó túmọ̀ sí pé lójú òfin, ọmọ ọdún méje tó ọmọ onílẹ̀ í ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ti òkè òkun wá ní láti dé B2 kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wọlé, dókítà sì tún ní láti ṣe ìdánwò èdè ìṣègùn ní ìpele C1 lórí tirẹ̀. Ní ti C2, a bá àwọn ọmọ Jámánì kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dán àwọn wò.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005 ni òfin tó dá kíláàsì "Integrationskurs" sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, tó fi Nuremberg ṣe ibùjókòó. Ẹ̀kọ́ 600 wà fún èdè, 100 wà fún òfin, ìtàn àti ìṣe ìlú, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè 600 jẹ́ ìṣẹ́jú 27,000, ìyẹn wákàtí 450. Ká ní ọmọ jòjòló kan ń lajú fún wákàtí 12 lójúmọ́, tí wọ́n sì ń sọ Jámánì sí i létí ní gbogbo àsìkò náà, ọjọ́ 37 àbọ̀ ni yóò fi gbọ́ iye Jámánì tí àgbàlagbà yóò gbọ́ nínú gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì jáde ogójì ọjọ́ nìyẹn. Òun ni wọ́n ń retí kó kọ lẹ́tà sí onílé pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti bàjẹ́, kó dárúkọ ọjọ́ tó bàjẹ́, kó sì kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tó bá jẹ́ orí àgbà fúnra rẹ̀ ló wọ́. Nínú kíláàsì tí a fojú sí lára, tí kò jìnnà sí òpópónà Steindamm níbi tí àwọn ará ilé ti máa ń ra ẹ̀gúsí àti èlùbọ́, a rí dókítà eyín láti Síríà, ìyá àgbà láti Ukraine, awakọ̀ kan láti Gánà, ọmọbìnrin ará Bràsíl tó fẹ́ ọmọ Jámánì, àti Yorùbá mẹ́ta tí olùkọ́ ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí ẹ̀rín. Ọmọ ọdún méjì ni gbogbo wọn. Olùkọ́, tó kéré sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ló ń sọ ìgbà tí wọ́n lè lọ tọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwádìí wa fi hàn ni pé ẹni A1 kì í sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ká ló ń sọ, ìgbésí ayé rẹ̀ sì ní láti súnkì títí yóò fi wọ inú ohun tí ẹnu ká. Ìwé kíláàsì béèrè pé kí ni olúkúlùkù fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́. Àgbàlagbà Yorùbá kì í najú. Ó ń sinmi, tàbí kó lọ síbi ìnáwó. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì nínú ìwé. Odò wíwẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn àti ìwé kíkà ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan láti Ìjẹ̀bú, tí odò tó bẹ̀rù jù láyé jẹ́ ọ̀sà, dìde tó ní "Ich schwimme gern", òun fẹ́ràn láti máa wẹ odò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, òun ni ẹni tó fẹ́ràn odò ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ màmá kan tiẹ̀ wà tó tó kó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé lọ́tọ̀. Màmá yìí ta léèsì ní ọjà Gbàgì ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ọmọọṣẹ́, ó ní oníbàárà ní Kútọ̀nù, ó mọ léèsì tó ti fọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Léèsì ojúlówó tó ń tà, ìlú Lustenau ní Austria ni wọ́n ti ń ṣe é, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Jámánì. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni àwọn aláṣọ ibẹ̀ ti ń ṣe ohun tí àwa ń wọ̀ lọ sí òde. Ká sọ pé ẹnì kan wà ní kíláàsì náà tó ti bá àwọn tó ń sọ Jámánì ṣòwò pẹ́, òun ni. Nígbà tí wọ́n bi í ní iṣẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là, ó ní "Ich bin Verkäuferin", òǹtajà ni òun. Olùkọ́ ní ó dára gan-an, ó sì bi í bóyá búrẹ́dì ló ń tà.

Ikú bàbá ló wá le jù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ dé orí ẹbí, oníkálukú ní láti dìde sọ nípa òbí rẹ̀. Yorùbá tó mọ ohun tó ń ṣe kì í dìde láwùjọ kó ní bàbá òun kú. Bàbá papòdà, bàbá re ibi àgbà ń rè, bàbá fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Bó bá jẹ́ ọba, ó wàjà. Ẹnu A1 kò ní ìkankan nínú wọn. "Tot" ló ní, èyí tí wọ́n ń lò fún bàbá ènìyàn tí wọ́n sì tún ń lò fún ẹja. Bàbá Ìjẹ̀bú tó ń wẹ odò náà dìde. Ó wo àwòrán bàbá àgbà elérùngbọ̀n funfun tó wà nínú ìwé. Ó ní "Mein Vater ist nicht zu Hause", bàbá òun kò sí nílé. Olùkọ́ bi í pé níbo ni bàbá wà. Ó ronú. Ó ní "Weit", ó jìnnà. Olùkọ́ gbóríyìn fún un, nítorí pé "nicht" bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí.

Ti akọ àti abo ni a ó kọjá lórí rẹ̀ kíákíá, torí àwọn ẹlòmíràn ti sunkún lé e tó. Yorùbá ní "ó", "ó" sì ti tó fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti ìjì. Jámánì ní "er" fún akọ, "sie" fún abo àti "es" fún ohun tí kò sí nínú méjèèjì. Ìyọnu rẹ̀ máa ń hàn jù ní ilé ìwòsàn. A wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan sọ fún akọ̀wé dókítà pé "Meine Frau ist krank. Er hat Fieber", ìyàwó òun ń ṣàìsàn, "er" ní ibà. Akọ̀wé gbé gègé sókè, ó béèrè bóyá ìyàwó ló ní ibà ni àbí ọkùnrin. Ọkùnrin náà, tí inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ, dáhùn pé "Ja", bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti àwọn nǹkan aláìlẹ́mìí, a ṣe ìwádìí tiwa ní kíṣìnnì. Ṣíbí jẹ́ akọ, fọ́ọ̀kì jẹ́ abo, ọ̀bẹ kò sí nínú méjèèjì. A tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, a sì ń wò wọ́n fún àkókò tó tó. A kò rí ìwà kankan lára wọn tó lè ti èyí lẹ́yìn. Ọmọbìnrin, "das Mädchen", kì í ṣe abo, nítorí ìrù "-chen" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun kékeré, ohun kékeré kò sì ní akọ tàbí abo lọ́dọ̀ wọn. Ó dára ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá parí sí "-ung", "-heit" tàbí "-keit" máa ń jẹ́ abo, wọn kì í sábà yẹ̀. Ó sì dára ká mọ̀ pé àwọn onílé fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. Bọ́tà jẹ́ abo ní Hamburg, ṣùgbọ́n akọ ni lẹ́nu àwọn àgbà ìgbèríko ní Swabia, ìwé atúmọ̀ èdè Duden sì gbà kí a pe yógọ́ọ̀tì ní "der" tàbí "das", bó bá ṣe wu oníkálukú. Nígbà tí ìjà bọ́tà kò tíì parí nínú ilé, kí ló kan àlejò?

Ibi tí ìwádìí wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn aṣáájú wa nìyí. A rí i pé Yorùbá ni èdè Jámánì ìbá rọ̀ lọ́rùn jù, bí kì í bá ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ìṣirò. Jámánì kì í pe 21 bí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní "einundzwanzig", ọ̀kan lórí ogún. Kí ni mọ́kànlélógún? Ìyá olóyin kan ní Ọ̀jẹ́, tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rí, yóò gbọ́ "vierundzwanzig" yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòun ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó lọ sí yunifásítì ló ń fi gègé yí i padà nínú ìwé, tó ń kọ 42 sílẹ̀ fún 24, tí rélùwéè sì ń fi í sílẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe wọn tó máa ń là sí méjì. "Anrufen" ni kí a pe ènìyàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn wọ́n á já orí rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sí ìdí gbólóhùn: "Ich rufe dich morgen an", mo máa pè ọ́ lọ́la. Gbogbo kíláàsì ló kígbe lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Yorùbá mẹ́ta tó wà níbẹ̀ náà kígbe, ohun tó sì yẹ kí ojú tì wọ́n fún nìyẹn. Wọ́n ń sọ "bàjẹ́" láti kékeré. Wọ́n ń sọ pé "ó ba aṣọ mi jẹ́", tí "ba" wà níhìn-ín, tí "jẹ́" wà lọ́hùn-ún, tí odidi aṣọ sì wà láàárín wọn, wọn kò sì kígbe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1966. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kà á.

Ti ọ̀wọ̀ ló dára jù. Bí Jámánì bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, yóò sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Yóò mú "sie" tí wọ́n ń lò fún àwọn ènìyàn púpọ̀, yóò fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi í bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Àwa náà ní bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun. Àwọn ará Amẹ́ríkà inú kíláàsì kejì ń gún ara wọn lórí rẹ̀, àwọn tiwa gbà á bí ẹni gba omi mu. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí olùkọ́ tuntun kan wọlé, obìnrin olórí ewú, tó ní kí gbogbo àwọn máa fi "du" bá ara àwọn sọ̀rọ̀. Ìlànà wọn ni pé àgbà ló ń fi "du" lọ ọmọdé. Ó ti fi lọ̀ wọ́n, ó parí síbẹ̀. Màmá aláṣọ kò lè pe obìnrin olórí ewú ní "ìwọ". Kò sì fẹ́ ṣàìgbọràn. Ó rí ọ̀nà kan gbé e gbà: "Du hast recht, Mà", òótọ́ lo sọ, Mà. Olùkọ́ bi í pé kí ni "Mà" yẹn ń ṣe nínú gbólóhùn. Wọn kò rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpele A2.

A sì tún rí i pé wọ́n ń kíni. Àwọn tó ní Jámánì kì í kíni, àárọ̀ ni wọ́n rí wọn. Ní Hamburg, "Moin" ni láti ìdájí dé òru, a gbà pé ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, àwọn òṣìṣẹ́ á pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á ní "Mahlzeit", bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mú oúnjẹ dání. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, "Schönen Feierabend". Kí ọdún tuntun tó wọlé, "Guten Rutsch". Ẹ kú iṣẹ́ òní nìyẹn, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún nìyẹn. Kò tó tiwa, torí a kò tíì gbọ́ ẹ kú ìjókòó lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì, ọ̀wọ̀ kan náà: àwọn ẹlòmíràn ti fi ẹ̀rí tó kéré sí èyí so Yorùbá mọ́ Mẹ́kà àti Íjíbítì. Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí Olókun, ó sì lọ kéde fún ayé pé òun ti rí Atlantis. A kò sọ pé Odùduwà gba Nuremberg kọjá. A kò sì rí ẹ̀rí pé kò gba ibẹ̀.

Àwọn elédè Jámánì tó kọ́ Yorùbá lágbà wà, ó sì yẹ kí a gbé tiwọn yẹ̀ wò fún ìdọ́gba. David Hinderer, míṣọ́nnárì láti Württemberg, wá wo Ìbàdàn ní 1851, ó sì padà wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna, ní 1853. Ó kọ́ Yorùbá, ó fi wàásù, ogun Ìjàyè sì ká wọn mọ́ ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ tí oúnjẹ fi wọ́n wọn. Nínú gbogbo ohun tí ojú wọn rí, kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni dá a dúró ní bodè Ìbàdàn kó béèrè ìwé-ẹ̀rí A1. Ẹ fi wé ti òde òní: láti 2007 ni ọkọ tàbí ìyàwó tó fẹ́ lọ bá ẹnì kejì rẹ̀ ní Jámánì ti gbọ́dọ̀ yege A1 kó tó gba físà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ń jókòó sí Goethe-Institut ní Èkó, tó ti wà níbẹ̀ láti 1962, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kí wọ́n tó lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní 1915, dé ọ̀dọ̀ wa ní 1950, ó kọ́ èdè, ó di Àdùnní Olórìṣà, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Ní ti àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ọwọ́ ọ̀mọ̀wé Berlin kan, Richard Lepsius, wà nínú rẹ̀, láti inú álífábẹ́ẹ̀tì tó gbé jáde ní 1855. Wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà tiwa, wọ́n fi sórí lẹ́tà tiwọn. A fi èyí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀ràn ọmọ ló kù, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ orí méjèèjì ti forí gbárí. Ọmọ tí wọ́n mú lọ sí Kita, ilé ìtọ́jú ọmọdé, lọ́mọ ọdún mẹ́ta yóò ti kọjá bàbá rẹ̀ kó tó mọ okùn bàtà í so. Láti ọjọ́ náà, bàbá ti di àbúrò ọmọ ní ti ẹnu, àṣà wa kò sì sọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀. A rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé tí wọ́n ń gbé. Inú ń bí bàbá. Ó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, ó mẹ́nu ba òtútù, ó mẹ́nu ba ìyá rẹ̀ àgbà tó wá kí wọn láti Ìkirè tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùn, ó fi òwe méjì há a láàárín, ó pe Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì fi ìbéèrè parí rẹ̀ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ọmọ dúró títí ó fi sọ tán. Ó yíjú sí akọ̀wé, ó ní: "Papa sagt, die Heizung ist kaputt", bàbá ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti bàjẹ́. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Bàbá kò bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa ẹni tó bá onílé sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìdánwò. Méjì ni. Èyí tó wà fún òfin àti ìtàn ní ìbéèrè 33, tí wọ́n ṣà láti inú 310; ẹni tó bá gba 15 ti yege kíláàsì, 17 sì tó fún ẹni tó ń wá ìwé ọmọ ìlú. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ló tọ̀nà. Ẹni tó ti la JAMB kọjá kò nílò kí a bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Ti èdè ló ní ìtàn. Ní apá ìkẹyìn ìdánwò ẹnu, wọ́n á mú ẹni méjì, wọ́n á ní kí wọ́n jọ ṣètò nǹkan kan lójú àwọn: ìrìn-àjò, tàbí àríyá ìdágbére fún ẹnì kan tí kò sí láyé. Wọ́n mú bàbá Ìjẹ̀bú wa, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ukraine, wọ́n ní kí wọ́n ṣètò àríyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun yóò mú sàláàdì ọ̀dùnkún wá. Bàbá béèrè iye èrò tó ń bọ̀. "Zwanzig," ni ẹnì kejì rẹ̀ wí. Bàbá dákẹ́. Àwọn olùdánwò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló tán. Èrò ogún ló ń wò. Ó fi pẹ̀lẹ́tù gbé orí sókè, ó ní: "Und wer kauft die Kuh?" Ta ni yóò wá ra màlúù? Ó gba B1. Ohun tí a gbọ́ ni pé "die" tó fi ṣáájú màlúù wú wọn lórí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ní ènìyàn ní Jámánì, ẹ fetí sí àbá tí ìwádìí yìí bí. Bí ó bá wálé fún ọdún, ẹ má ṣe gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́ níbi àríyá pé kó sọ Jámánì díẹ̀ ká gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló mọ̀, kò sì wúlò ní Ṣàgámù. Ẹ má bi í ní ìgbà tí yóò mọ̀ ọ́n tán. Ẹ má sì pè é lórí fóònù ní alẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ láàárín aago mẹ́fà àti mẹ́sàn-án, kíláàsì ló wà. Aago tiwa àti tiwọn dọ́gba nígbà òtútù wọn. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà.